Ta ló ni etí odò? Àlàyé fún ará àdúgbò tó fẹ́ tọ́jú bèbè odò ní Ìbàdàn

Bí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé bá ti kan ọ̀rọ̀ odò ní Ìbàdàn, ohùn kì í ṣọ̀kan mọ́. Ẹnì kan á ní ilẹ̀ ìjọba ni bèbè odò, kí wọ́n jẹ́ kí ìjọba wá tọ́jú ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ilẹ̀ bàbá òun ni, ìwé tí mọ́gàjí fọwọ́ sí ń bẹ nílé. Ẹnì kẹta á ní kò ní ẹni tó ni ín, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Wọ́n á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á túká, òjò á tún rọ̀.

Iyàn yìí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ là á yé wa. Bèbè odò kì í ṣe ilẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ àdúgbò. Ẹ lè tọ́jú ohun tí kì í ṣe tiyín, kí òfin sì wà lẹ́yìn yín, bí ẹ bá gbà á lọ́nà tó yẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni pé ẹni tó bá tọ́jú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti di tòun, ẹni tí kò sì lè sọ pé tòun ni á rò pé kò kan òun.

Omi tí ẹ ń rí kọ́ ni gbogbo odò

Ẹni tó bá lọ wo ilẹ̀ létí odò ní oṣù kejì ọdún, omi tín-ín-rín tí ọmọdé lè fò kọjá ló máa bá níbẹ̀. Á ní ilẹ̀ náà jìnnà sí omi. Kó padà wá ní oṣù kẹsàn-án, odò kan náà á ti fẹ̀ ju títì lọ. Gbogbo ibi tí omi ń tẹ́ sí nígbà tó bá kún, ara odò ni, bó tilẹ̀ gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣètò ìlú fi máa ń ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín etí omi àti ilé àkọ́kọ́. Àyè yìí ni àwọn èèyàn ń pè ní sẹ́tíbáàkì. Gígùn rẹ̀ kò dọ́gba lórí gbogbo odò. Ọ́fíìsì ètò ìlú ni ẹ ti máa béèrè èyí tó kan odò yín, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Àyè tó dà bí ilẹ̀ òfo yìí ń ṣiṣẹ́. Omi ń rí ibi tẹ́ ara rẹ̀ sí dípò kó wọ yàrá. Gbòǹgbò koríko àti igi ń di ilẹ̀ mú bí okùn ṣe ń di ẹrù, wọ́n sì ń sẹ́ ẹrẹ̀ àti òróró mọ́tò tó ń ṣàn bọ̀ láti ojú títì kó tó dé inú omi. Iṣẹ́ kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò: ibẹ̀ ni katapílà máa gbà wọlé bí odò bá fẹ́ gbígbẹ́. Níbi tí wọ́n ti kọ́lé dé ẹnu omi, ẹ̀rọ kò ní rí ọ̀nà gbà, ẹrẹ̀ á máa ga sókè nísàlẹ̀ odò lọ́dọọdún, omi tí kò sì pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ èèyàn.

Àwọn àgbà Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn èyí fún wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó pa èèyàn tó lé ní 200, ó gbé ilé àti mọ́tò lọ, ó sì ba ọgbà ẹranko tó wà ní Àgódi nígbà náà jẹ́. Títí di òní, bí òjò bá ṣú dúdú, ẹ ó gbọ́ kí àwọn ìyá máa pariwo omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba ná owó ńlá lórí kọnkéré tí wọ́n fi la ọ̀nà fún Ògùnpa. Ó tún ku odò mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún kó ìlú, ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bá a lọ, afárá Àpẹ́tẹ̀ tó wà lórí odò Ọnà sì wó. Ẹ wo oṣù tí méjèèjì ṣẹlẹ̀: ìparí oṣù kẹjọ ni, àkókò tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbà pé òjò ti sinmi díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní oṣù kẹjọ nítorí pé oòrùn yọ, kó tún inú rò.

Lẹ́yìn ti 2011, Báǹkì Àgbáyé yá wa ní owó tó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní ọdún 2014 fún iṣẹ́ àgbàrá òjò ní Ìbàdàn. Wọ́n fi tún afárá ṣe, wọ́n fi tún ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì ṣe, wọ́n sì fi tún ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí a yá láti òkè òkun tó lè máa wá gé koríko ẹ̀yìnkùlé yín ní oṣooṣù, tàbí kó mọ ẹni tó ń fi bárò da ìdọ̀tí sómi ní aago mọ́kànlá òru. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Land Use Act, gbé ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Òfin náà kò ní kí ìdílé má ní ẹ̀tọ́ mọ́. Ó mọ ẹni tó ti ń gbé tàbí tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ kí òfin tó dé. Síbẹ̀, ọwọ́ tí ìdílé fi sí ìwé kò lè sọ bèbè odò di ilẹ̀ ìkọ́lé. Ẹni tó bá ta sẹ́tíbáàkì fún yín, ẹjọ́ ló tà fún yín. Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ kankan tó sún mọ́ omi, ẹ mú ìwé àwòrán ìwọ̀n rẹ̀ (súfè) lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín kéré gan-an sí owó ilé tí wọ́n máa wó lọ́jọ́ iwájú.

Ta ló wá yẹ kó tọ́jú rẹ̀? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ka gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́, gbàgede ìlú àti kíkó pàǹtí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí àyíká àti èyí tó ń rí sí ètò ìlú. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká, ní ìlànà ọdún 2009 tó dá lórí àbàtà, bèbè odò àti etí adágún. Àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, náà wà níbẹ̀ láti ọdún 1976. Bí odò yín bá wọ adágún tí ìjọba ń pọn omi ẹ̀rọ nínú rẹ̀, bíi Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ti sé láti ọdún 1942, ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ọwọ́ tó pọ̀ báyìí ló ń mú kí lẹ́tà máa sọnù. Ọ́fíìsì yìí á ní ti ọ̀hún ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ẹnu ọ̀nà kan: ìjọba ìbílẹ̀ yín, nípasẹ̀ kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín, nítorí ọ̀dọ̀ tiwọn ni ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ẹ wá kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sísàlẹ̀ lẹ́tà náà, kí ẹ fún oníkálukú ní ẹ̀dà tirẹ̀, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ ń mú padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni pé ẹ kò kọ ọ́ ni.

Ohun kan tún wà. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló pín Ìbàdàn, odò kò sì mọ ààlà ìkankan nínú wọn. Omi tó ń ṣàn láti apá Bódìjà wá sí Àgódi, tó wá gba ọjà Ògùnpa kọjá lọ sí Mólété, ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ ló gbà kọjá. Ẹ lè gbá bèbè tiyín mọ́ tónítóní kí ohun tí àwọn ará òkè odò dà sílẹ̀ tún wá bá yín. Nítorí náà, ìpàdé àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe lẹ́yìn ti àdúgbò yín ni pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílé tó wà lókè odò yín. Kì í ṣe láti bá wọn jà o. Ẹ sọ fún wọn ohun tí ẹ ń rí nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín

Kò sí bèbè odò ní Ìbàdàn tí èèyàn kò sí. Àwọn àgbẹ̀ àkùrọ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń fọ mọ́tò wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, àwọn aládùúrà tó ń wẹ̀, àwọn oníṣẹ̀ṣe tí odò jẹ́ ilé ìsìn wọn. Ní apá Kùdẹ̀tì àti àwọn agboolé àtijọ́ mìíràn, ilé wà tó ti dúró kí òfin ètò ìlú kankan tó dé.

Ẹgbẹ́ tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ pè ní ọ̀tá odò ti ṣìnà kó tó gbéra. Àgbẹ̀ àkùrọ̀ ń dé etí omi lójoojúmọ́. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí ẹ lè san owó fún tó máa mọ odò yẹn tó o. Òun ló máa kọ́kọ́ rí i pé àwọ̀ omi yí, pé ẹja ń kú, pé ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní òru. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìgbìmọ̀. Ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ oògùn apako (èyí tó ń pa koríko) àti oògùn kòkòrò tó ń fọ́n, ẹ jẹ́ kó fi àyè sílẹ̀ láàárín ebè rẹ̀ àti ẹnu omi, kí koríko lè hù níbẹ̀. Ẹni tó ń wa yanrìn ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yanrìn tó ń kó kúrò lábẹ́ bèbè ló ń mú kí ilẹ̀ já lulẹ̀. Ìjọba ni kí ẹ jẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀.

Èrò mi lórí ilé tó wà lórí sẹ́tíbáàkì kò fara sin: iṣẹ́ ẹgbẹ́ àdúgbò kọ́ láti di amí àwọn tó ń wólé. Ẹ má ṣe kọ orúkọ opó tó ń gbé yàrá kan létí omi ránṣẹ́ sí ìjọba, nígbà tí ilé ńlá olówó tó fi kọnkéré dí ìdajì odò wà lókè tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ fi ẹjọ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ tìpá da ilẹ̀ dí odò sùn, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń tú omi májèlé sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an

Pàǹtí ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á jáde ní Sátidé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti réèkì, wọ́n á kó náílọ́ọ̀nù píọ̀wọ́tà, ike, àkísà àti pámpáàsì jáde, wọ́n á kó wọn jọ òkìtì òkìtì sórí bèbè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ sílé. Ọkọ̀ kò ní dé. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta á gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú omi, inú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ á bàjẹ́, wọn kò sì ní jáde mọ́. Ẹ má ṣe yọ ẹyọ ike kan kúrò nínú odò bí ẹ kò bá tíì mọ ọkọ̀ tó máa gbé e, ọjọ́ tó máa dé àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Ẹ bá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni (PSP) tó ń kó pàǹtí àdúgbò yín sọ ọ́ ṣáájú, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda ọkọ̀.

Pàǹtí kì í hù nínú odò. Ẹ tẹ̀lé gọ́tà kọ̀ọ̀kan tó ń wọ odò yín gòkè, ẹ ó rí ibi tó ti ń bọ̀: ilé mélòó kan tí kò ní ẹni tó ń kó pàǹtí wọn, ẹ̀yìn ọjà, iwájú ilé ìwé kan. Ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Bí ẹ bá yanjú ibẹ̀, gbígbá bèbè odò á rọrùn. Àwọn àdúgbò kan máa ń ta irin tàbí nẹ́ẹ̀tì sí ojú ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, kó lè dá pàǹtí dúró. Ẹ ṣọ́ra fún èyí gidigidi. Bí pàǹtí bá dí irin náà ní òru tí òjò ńlá ń rọ̀, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín sé odò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà ìjọba wò ó kí ẹ tó ta ohunkóhun sójú omi.

Ẹ̀kejì ni koríko. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé àgbàlá tó mọ́ ni èyí tí a gbá tí erùpẹ̀ fi ń dán, a sì ń gbé àṣà yẹn lọ sétí odò. Bèbè tí ẹ bá há dé erùpẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á fọ̀ ọ́ wọ inú omi. Ẹ gé koríko, ẹ má ṣe tu ú. Ẹ má ṣe fín oògùn apako sí i, nítorí gbòǹgbò á kú, bèbè á já, májèlé rẹ̀ á sì wọ inú omi tí ẹlòmíràn fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹ má ṣe dáná sun ún.

Níbi tí bèbè ti ń já, ẹ gbin nǹkan. Koríko vetiver dára púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ lè wọ ilẹ̀ jìn tó mítà mẹ́ta, kì í sì í tàn kálẹ̀ bí èèsún. Ọparun náà ń di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó ń fẹ̀. Bí odò bá kéré, òkè bèbè ni kí ẹ gbìn ín sí, kó má ṣubú dí omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo wa fẹ́ràn láti gbìn sétí omi kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀, àkúnya omi á hú u, á sì gbé e lọ dí abẹ́ afárá. Bí odò yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi kọnkéré la ọ̀nà fún, bíi Ògùnpa, ẹ má ṣe gbin igi ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ rárá, gbòǹgbò á là á. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ni kí ẹ gbìn, kí wọ́n lè mú ilẹ̀ kí omi ńlá tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò gbọdọ̀ jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ìgò tó fọ́ àti abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Omi tí kò ṣàn dáadáa lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá (àrùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀), ìtọ̀ eku náà ń kó àrùn ran ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Réènbúùtù àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó dúró sókè kó máa ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Bí òjò bá ti ṣú níbikíbi lókè odò, kí gbogbo èèyàn jáde, nítorí omi lè dé bá yín níbi tí oòrùn ti ń ràn.

Ọ̀nà ẹsẹ̀

Lójú tèmi, ọ̀nà ẹsẹ̀ ló ń gba bèbè odò là ju àkọlé èyíkéyìí lọ. Àkọlé tó sọ pé ẹ má da ilẹ̀ síbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń da ilẹ̀ sí. Ibi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ìyá àgbà ń gbà rìn fún ìlera, tí ọmọ ilé ìwé ń gbà dé ilé, ojú ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń fi òru da nǹkan sómi kì í fẹ́ ojú.

Ọ̀nà yìí kò nílò kọnkéré, kọnkéré tilẹ̀ ń mú kí omi yára sí i. Ẹ má ṣe là á sí ẹnu omi gan-an; ẹ jẹ́ kó wà lókè díẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti le, kó sì tẹ̀lé bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ dípò kó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, nítorí ọ̀nà tó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà á di gọ́tà láàárín òjò méjì. Yangí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Ẹ gé koríko ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí iwájú. Kí ẹ tó pinnu ibi tó máa gbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n; ibẹ̀ ni kò yẹ kó gbà. Kí ẹ ri òpó méjì sẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀kadà má baà sọ ọ́ di títì, ṣùgbọ́n kí àyè wà láàárín wọn fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera.

Irú ọ̀nà báyìí wà ní Ìbàdàn. Nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, igbó tó tó hẹ́kítà 350 wà tí èèyàn ń gba inú rẹ̀ rìn wo ẹyẹ, etí adágún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbà Àgódi, níbi tí Ògùnpa ti gbà kọjá, ń gba owó lẹ́nu géètì. Ohun tó mú kí àwọn ibi wọ̀nyí dúró ni pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣọ́ wọn. Ẹ wá wo etí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tí ilé sì ti ń jẹ ilẹ̀ igbó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó rẹwà jù nínú ìlú wa ni lójú mi, ó sì ń dun èèyàn. Irú ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àdúgbò ti lè ṣe ohun tí ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ń ṣe níbòmíràn.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó wo Nairobi ní Kẹ́ńyà. Igbó Karura tó wà nínú ìlú náà lé ní hẹ́kítà 1,000, odò sì wà nínú rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1990, wọ́n fẹ́ pín in fún àwọn tó ń kọ́lé tà. Wangari Maathai, obìnrin tó ń jà fún àyíká, àti àwọn ẹlòmíràn ló dìde dí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ṣì ń ba èèyàn lẹ́rù lẹ́yìn náà. Òfin igbó ọdún 2005 ló wá fàyè gba ẹgbẹ́ àdúgbò láti bá ìjọba fọwọ́ sí ìwé àjùmọ̀tọ́jú. Ẹgbẹ́ Friends of Karura Forest gba ọ̀nà yẹn. Ìjọba ṣì ni ó ni igbó. Ẹgbẹ́ ń bá a ṣọ́ ọ, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀, wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, owó tí àlejò ń san lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sì fi ń sanwó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílé wa níbí pẹ̀lú, nígbà ètò àtúnṣe àyíká ìlú tí wọ́n pè ní Sustainable Ibadan Project ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tún orísun omi Òkè-Ọ̀fà Babasálẹ̀ ṣe, àwọn ará àdúgbò sì kópa níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ìjọba ní àṣẹ àti katapílà, ẹ̀yin ní ojú àti ẹsẹ̀.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

Gbígbá pàǹtí, gígé koríko àti kíkọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ ṣáà ti sọ fún kánsílọ̀ àti baálẹ̀. Gbígbin igi, líla ọ̀nà tuntun, ṣíṣe bẹ́ńṣì, gbígba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí fífi pákó sọdá omi, ó nílò ìwé àṣẹ. Yíyí ojú omi padà, dída ilẹ̀ dí i, àti wíwó ohun tí ẹlòmíràn kọ́, ẹ má ṣe dán an wò láéláé, bó ti wù kí ó dá yín lójú tó.

Ìwé àdéhùn náà kò nílò kó gùn. Kó sọ láti ibo dé ibo ni ẹ ń tọ́jú, pẹ̀lú àmì tí gbogbo èèyàn mọ̀: láti afárá báyìí dé ilé ìwé báyìí. Kó sọ iṣẹ́ tiyín, kó sọ ti ìjọba ìbílẹ̀, pàápàá ọjọ́ tí ọkọ̀ pàǹtí máa ń wá. Kó sọ ọdún tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Lékè gbogbo rẹ̀, kí gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó sọ pé ìtọ́jú yìí kò fún ẹgbẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti tà, láti fi yá èèyàn, tàbí láti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Gbólóhùn yẹn ló máa gba ẹgbẹ́ yín lọ́wọ́ alága tó ń bọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ó tún máa fọkàn àwọn ìdílé onílẹ̀ balẹ̀ pé ẹ kò fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ wọn, nítorí náà, ẹ pe mọ́gàjí wá síbi tí ẹ ti máa fọwọ́ sí i.

Ní ti owó, ẹ kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sára pátákó ìpàdé lóṣooṣù, kí ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lè rí i. Ẹ má ṣe gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá mú tó ń da ilẹ̀. Ẹgbẹ́ kò ní àṣẹ ìyẹn. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ḿbà ọkọ̀ náà, kí ẹ fà á lé ìjọba lọ́wọ́.

Ẹ sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tí omi ga dé lára ògiri afárá yín ní gbogbo ìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí ẹ lè mú lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, yálà láti ní kí wọ́n gbẹ́ odò náà, tàbí láti dí ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbi tí àmì yẹn dé lọ́wọ́.